Ìrìnàjò sí Ilé Alápatà

Àwòrán kan wà lára fíríìjì wa tí kò kúrò níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti kó wá sí Whitby, ní Kánádà. Inú kàlẹ́ńdà ni ìyàwó mi ti gé e, irú èyí tí wọ́n máa ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìparí ọdún. Ó gé àwọn ọjọ́ oṣù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dànù, ó fi àwòrán nìkan sílẹ̀. Àpáta ńlá kan ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó ń yán. Inú ẹnu àpáta yẹn ni odidi abúlé wà: ilé olókùúta lórí ilé olókùúta, fèrèsé kéékèèké, ilé kan tó rí gbọọrọ tó sì ga ju àwọn yòókù lọ. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ni ibẹ̀ wà, nínú ọgbà ńlá tí ìjọba dá sí kí ẹnikẹ́ni má bàa ba nǹkan inú rẹ̀ jẹ́. Àwọn ará àtijọ́ ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Pueblo, ló kọ́ àwọn ilé yìí sínú àpáta ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gbé ibẹ̀, wọ́n gbin àgbàdo sórí òkè, wọ́n bímọ, wọ́n sin òkú, lẹ́yìn náà wọ́n kó jáde. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ilé náà lónìí, ó di dandan kó gba tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì tẹ̀lé amọ̀nà. Wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọn yóò gun àkàbà onígi tí wọ́n so mọ́ ara àpáta, wọn yóò sì fi orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ rá kọjá nínú ihò tóóró kan. Mo ti ka gbogbo èyí títí ó fi di àkọ́sórí. Kì í ṣe ìfẹ́ ló ń mú mi kà á. Ẹ̀rù ni.

Ọmọ Ìdànrè ni ìyàwó mi. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ̀ pé orí òkè ni ìlú náà wà tẹ́lẹ̀, láàárín àpáta, kí wọ́n tó wá tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ dó. Orí òkè yẹn ni wọ́n bí ìyá ìyá rẹ̀ sí. Nítorí náà, nígbà tó rí àwòrán inú kàlẹ́ńdà yẹn, kò wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ilẹ̀ àjèjì. Ó gbé e wá bá mi nídìí tẹlifíṣọ̀n.

Ó ní, "Wò ó. Àwọn ará ilé mi rèé."

Mo ní, "Ní Amẹ́ríkà?"

"Àpáta kì í gba físà. Ẹni tó bá ti gbé inú àpáta rí, ọmọ ìyá mi ni." Ó mú àwòrán náà sún mọ́ ojú mi. "A máa lọ síbẹ̀."

"Àwa wo?"

"Èmi àti ìwọ. Àbí o rò pé mo máa fi ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú fíríìjì ni?"

Ará Ìkòròdú ni èmi, etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Omi kì í bà mí lẹ́rù. Òkè ló ń bà mí lẹ́rù. Kí a tó ṣe ìgbéyàwó, ó mú mi lọ gun òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n kọ́ ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà. Ibi ìsinmi kejì ni mo jókòó sí, mo di irin ẹ̀gbẹ́ mú, mo ní kó máa lọ, pé màá dúró dè é. Ìyá àgbàlagbà kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ru ẹrù sórí, kò tilẹ̀ mí gúlegúle. Ìyàwó mi kí i tán, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi wo ọkọ tí mo fẹ́ fẹ́. Ẹja ni. Ẹ jẹ́ kí n dá a padà sómi." Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní ẹja náà ń wúlò, kí ó má dá a nù. Ìtìjú ló gbé mi dé òkè lọ́jọ́ náà.

Lókè, ó mú mi dé ẹnu ilé àtijọ́ kan tí òrùlé rẹ̀ ti lọ. Mo fẹ́ wọlé. Ó fi ọwọ́ dá mi dúró. Ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Àgò onílé o." Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń retí.

Mo bi í pé ta ni yóò dáhùn, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti fi ìlú sílẹ̀.

Ó ní, "Ta ló fi ìlú sílẹ̀? A ò fi í sílẹ̀ o. A sọ̀ kalẹ̀ ni."

Mo ní, "Ó dáa. Ta ni yóò dáhùn?"

Ó ní, "Kì í ṣe tìtorí ìdáhùn. Ìwọ ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o ń bọ̀." Ìgbà tó tó lójú ara rẹ̀ ni ó wọlé. Mo tẹ̀lé e.

Ọmọ wa kan ṣoṣo, obìnrin, ló sọ ìrìnàjò Colorado ní orúkọ. Ó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé àwọn ará àpáta ló ni ilé inú àwòrán. Ó sì ti gbọ́ wa tí a ń sọ pé aláṣọ, alágbàdo, aláta. Ó fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ pa á pọ̀. Ó dúró níwájú fíríìjì, ó ní, "Mummy, when are we going to see the alápatà?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Àwọn wo?"

"Alápatà. The people in the rock."

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Ó ní, "Alápatà kẹ̀? Ṣé ẹran lo fẹ́ rà? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ṣàkì sí tiwa." Ọmọ náà bínú, kò mọ̀ pé ẹni tó ń pa màlúù ni òun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn, ilé alápatà ni gbogbo wa ń pè é. Tí owó bá wọlé díẹ̀, ìyàwó mi yóò ní, "A ti ń sún mọ́ ilé alápatà." Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, yóò ní, "Alápatà tún ti jìnnà."

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé nípa bí a ṣe ń pe ara wa. Níwájú ọmọ tàbí àlejò, "ẹ" ni ìyàwó mi máa ń pè mí. "Daddy, ẹ wá jẹun." Tó bá ku àwa méjì, yóò ní, "O ò ní wá jẹun ni?" Láti ìgbà tó ti lọ, kò sí ẹni tó ń pè mí ní "ìwọ" mọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Àwọn tí a jọ wà ní ìjọ, èmi ni mo jù wọ́n lọ. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo wọn ń fún mi. Ọ̀wọ̀ dára, àmọ́ ó tutù.

Yorùbá ọmọ mi kò pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń pò mọ́ ọn láti kékeré. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ìwọ̀nba tó ka sí dandan. Kò gbọdọ̀ pe ìyá rẹ̀ ní "ó". "Wọ́n" ni. Mummy ńkọ́? Wọ́n ń sùn. Títí di òní, tó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ní lọ́kàn, kì í dárúkọ. "Wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí i kó tó hó." "Wọn ò ní fẹ́ràn kọ́tìnì yìí." Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá ti gbọ́ "wọ́n" lẹ́nu rẹ̀, mo mọ ẹni tó ń wí.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí a ní à ń lọ, ni àìsàn dé. Mi ò ní kọ nípa rẹ̀ níbí. Ìgbà òtútù ló lọ, yìnyín bo gbogbo àdúgbò, àwọn ènìyàn fi bàtà wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa títí kò fi sí ibi tí a lè tẹ̀.

Nígbà ìrúwé ọdún yìí, ọmọ mi wá láti Richmond Hill lọ́jọ́ Àìkú kan, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìsìn. Ó ń po oògùn ní ilé ìwòsàn kan, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní àyè. Ó jẹun tán, ó gbé abọ́ lọ fọ̀, ó wá dúró níwájú fíríìjì. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró bí ó ṣe dúró nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ó ní, "Daddy, let's go and see the alápatà."

Mo ní, "Ìgbà wo?"

"September. Mo ti gba ìsinmi."

"O ti gbà á kí o tó bi mí?"

"Tí mo bá bi yín, ẹ máa ní ẹ fẹ́ rò ó. Ẹ sì máa rò ó títí December."

Ó ní òun yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, òun yóò háyà ọkọ̀ tí a máa fi rin ilẹ̀. Ohun kan ló fi sílẹ̀ fún mi. Tíkẹ́ẹ̀tì àtiwọ inú ilé náà, orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ti ń tà á, kìkì ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí i, kì í sì í pẹ́ tán. Òun yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò náà, kò sì lè fọwọ́ kan fóònù. Èmi ni mo wà nílé.

Ó ní, "Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni."

Mo ní, "Bí mi ò bá tètè tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Then we'll look at it from across the canyon, like everybody else." Ó gbọn omi dànù lọ́wọ́. "Wọn ò ní gbà."

Mo mọ ẹni tí kò ní gbà.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti ń ṣe mí ségesège. Mo lọ rí dókítà mi, mo sọ fún un pé orúnkún mi ọ̀tún ń dún, pé mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pé ibẹ̀ ga gan-an, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Mo ṣe àlàyé náà kúnnákúnná. Ó fetí sílẹ̀, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kí n mu omi dáadáa, kí n rọra máa rìn, kí n sì ya àwòrán wá fún òun. Mo jáde pẹ̀lú ìbànújẹ́. Mo ti lérò pé yóò ní kí n má lọ.

Mo wá ìdí mìíràn. Íńṣọ́ránsì. Ẹnubodè. Mo yẹ ìwé ìrìnnà mi wò bóyá ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó ṣì ní ẹ̀mí tó gùn ju tèmi lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé àkàbà jáde nínú gáréèjì, mo gbé e ti ògiri. Mo fẹ́ mọ bí ara mi yóò ṣe rí. Mo ti wà ní ìwọ̀n bí ẹsẹ̀ àkàbà mẹ́ta sókè, mo di irin mú bí ẹni pé àwọn ènìyàn fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ mi, nígbà tí aládùúgbò mi dé. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó kéré sí mi, ó sì máa ń wá láìpe fóònù, èyí tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀. Ṣọ́bìrì ìkó-yìnyín mi tó yá láti ìgbà òtútù ló gbé lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí lẹ ń wá lókè níbẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan tí mò ń wá. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun àkàbà ni."

Ó wò mí. Ó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà fẹ́ wọ iṣẹ́ panápaná ni? Wọ́n ní wọ́n ń gba ènìyàn o."

Mo ṣàlàyé ilé inú àpáta fún un láti orí àkàbà, n kò lè yíjú. Ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Ẹ máa san owó, kí wọ́n tún ní kí ẹ fi orúnkún rá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Òyìnbó ti rí wa." Ó wá di ẹsẹ̀ àkàbà mú. "Ó dáa, ẹ máa lọ. Ẹ gun ọ̀kan sí i. Tí ẹ bá já bọ́, orí èmi lẹ máa bọ́ lé, ẹ ò ní fara pa."

Mo gun ọ̀kan sí i. Mo gun òmíràn. Ó ní, "Ìyàwó yín ni ìbá rí yín báyìí," ó sì gé ọ̀rọ̀ náà kúrú lójijì, bí ẹni tó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn.

Mo ní, "Ẹja ni ìbá pè mí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé àkàbà padà sínú gáréèjì.

Ẹ̀rù tó ń bà mí yìí, mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí àkàbà nìkan. Gbogbo ohun tí èmi àti ìyàwó mi jọ dáwọ́ lé ni a ti ṣe parí. A ní a ó ra ilé, a rà á. A ní ọmọ yóò kàwé, ó kà á. Ilé alápatà nìkan ló kù láàárín wa tí kò tí ì parí. Níwọ̀n ìgbà tí n kò bá tí ì lọ, ó dà bí ẹni pé a ṣì jọ ń gbèrò nǹkan kan, pé ó ṣì ń sọ fún mi pé kí n múra. Tí mo bá lọ tí mo sì bọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Màá yọ àwòrán kúrò lára fíríìjì, tàbí kí n fi í sílẹ̀. Mi ò mọ èyí tó burú jù.

Ohun mìíràn sì tún wà. Lẹ́yìn tí ọmọ wa ti kúrò nílé, nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà gáréèjì ni mo máa ń gbà wọlé. Màá dúró níbẹ̀, màá ní, "Àgò onílé o." Yóò dáhùn láti ìdí sítóòfù pé, "Àgò yà." Nígbà mìíràn yóò fi kún un pé, "Tí o bá ra búrẹ́dì." Láti ìgbà tó ti lọ, n kò sọ ọ́ mọ́. Mo ń wọ ilé ara mi bí olè. Mo mọ̀ pé tí mo bá dé ẹnu ilé tó wà nínú àpáta yẹn, mi ò ní lè wọlé láìsọ ọ́, nítorí ìyàwó mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé màá sọ ọ́, màá dákẹ́, màá máa retí, kò sì ní sí ẹni tí yóò dáhùn. Ilé òfìfo lásán ni. Mo sì ti ní ọ̀kan ní Whitby.

Àárọ̀ ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì náà, mo tètè jí, mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń lọ ọ́fíìsì. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìjẹun. Ọmọ mi ti kọ́ mi bí mo ṣe máa yí aago ọ̀dọ̀ wọn sí tiwa, ó ní tiwọn wà lẹ́yìn tiwa. Mo jókòó síbẹ̀ ṣáájú àkókò. Nígbà tó tó, ojú ìwé náà yí padà. Àyè wà. Ó pọ̀. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, àfi kí ènìyàn ṣáà yan èyí tó wù ú.

Mi ò tẹ̀ ẹ́.

Mo sọ fún ara mi pé mò ń fara balẹ̀ wo wákàtí tí oòrùn kò ní mú jù. Mo dìde lọ gbé omi kaná fún tíì. Nígbà tí mo padà, wákàtí àárọ̀ ti kún. Mo rò ó. Mo po mílíìkì pọ̀ mọ́ tíì. Òmíràn kún. Mo ń wò ó bí àwọn àyè náà ṣe ń tán níṣẹ́jú-níṣẹ́jú, ìtura kan sì ń wọ inú mi tí ojú ń tì mí láti gbà pé ìtura ni. Díẹ̀ sí i, kò ní sí ohun tí mo lè ṣe. Màá sọ fún un pé ó ti tán. Òtítọ́ sì ni yóò jẹ́.

Fóònù dún. Ọmọ mi ni. Mo gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, ó wà ní ọ̀nà àárín ilé ìwòsàn.

"Daddy, I have just a few minutes. Ṣé ẹ ti rí i gbà?"

Mo ní, "Ó ṣì ń gbé e jáde lọ́wọ́."

"It's been open for a while o."

"Ẹ̀rọ náà ń fà."

Ó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ náà máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń purọ́. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀.

Ó ní, "Okay. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Lánàá, mi ò lè sùn, mo dẹ̀ ń ka nǹkan. Daddy, wọn ò kúrò níbẹ̀ o."

Mo gbé ife tíì sílẹ̀.

Ó ní, "Wọn ò lọ rárá. Wọ́n ṣì wà nínú ilé yẹn. Tí a bá débẹ̀, a gbọ́dọ̀ kí wọn ká tó wọlé, torí wọ́n máa gbọ́ wa."

Mo ń wo àwòrán lára fíríìjì, àwọn fèrèsé rẹ̀ kéékèèké, dúdú.

Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Àwọn ọmọ wọn. Their descendants. Àwọn alápatà, Daddy." Mo gbọ́ tó mí. "Oh. Ẹ rò pé Mummy..."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Mo rò bẹ́ẹ̀."

Kẹ̀kẹ́ ẹrù tún kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó sunkún nínú wa. Ó wá ń sọ̀rọ̀ wéréwéré, bí ọmọdé tó ń ka iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì wà títí di òní, wọ́n ń gbé ní New Mexico àti Arizona, wọ́n sì máa ń padà wá síbẹ̀. Ó ní inú wọn kì í dùn tí wọ́n bá kà á nínú ìwé pé àwọn baba wọn pa ilé tì. "They say nobody abandoned anything. They just moved. And the old ones are still inside."

Mo ní, "Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni."

"Ehn?"

"Wọn ò fi í sílẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni. Ohun tí ìyá rẹ sọ fún mi lókè Ìdànrè nìyẹn."

"Wọn ò sọ ìyẹn fún mi rí," ni ó wí, mo sì mọ ẹni tó ń wí.

Mo fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Gbogbo wákàtí ti kún tán àfi ìkan ní ọ̀sán, ìgbà tí oòrùn máa ń mú jù lórí àkàbà, tí mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé bó bá jẹ́ òun nìkan ló kù n kò ní mú un. Wọ́n béèrè iye ènìyàn. Mo kọ méjì. Ìka mi fò lé e, mo sì tẹ̀ ẹ́ kí n tó lè tún rò ó. Ojú ìwé náà funfun fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti gbà á.

Mo ní, "Ó ti jáde."

"Ó ti jáde? Just now?" Kò bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. "Kí ni a máa sọ níbẹ̀, Daddy? Lẹ́nu ọ̀nà. What did they say at Ìdànrè?"

"Àgò."

"Aago."

"Aago kọ́. Aago ló wà lára ògiri. Àgò. Má fà á."

"Agó."

"Ó ti lọ sókè jù. Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Àgò onílé o."

Ó ní àwọn ènìyàn ń wo òun. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa wò ó, ìyá rẹ̀ kò fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbèrò ìrìnàjò yìí kí a lè wá fi aago ara ògiri kí àwọn alápatà. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó yí kúrò níbi ariwo, bóyá ó dojú kọ ògiri ni, mi ò mọ̀.

Ó ní, "Àgò onílé o."

Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Mo wà nídìí tábìlì ìjẹun ní Whitby, ife tíì tó ti tutù wà níwájú mi.

"Àgò yà," ni mo wí.

Ó ní, "What's that one?"

"Ìdáhùn ni."

"Ó ní ìdáhùn?"

"Ó ní."

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lábẹ́nu, kó má bàa gbàgbé. Ẹnìkan pè é láti ọ̀nà jíjìn, ó ní òun ń bọ̀. Ó ní kí n lọ ra bàtà tó dáa, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, pé òun ò fẹ́ rí bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lórí àkàbà kankan. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tó pa fóònù, mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lábẹ́ tábìlì, mo tún ká a. Orúnkún náà ṣì ń dún.